Lọ́rì Apòògùn, Jíìpù Tèmi

Mo rántí ìgbà tí ìyàwó mi máa ń sọ fún àlejò tó bá wá kí wa pé òun ní orogún. Á ní inú gáréèjì ni orogún náà ń gbé, kò mọ ọbẹ̀ sè, kò bímọ kankan, síbẹ̀ òun kì í fojú kan ọkọ òun láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Àlejò á ta gìrì, á máa wojú mi, kí ìyàwó mi tó ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì, kó sì fi jíìpù ológun kan hàn án tí mo tú palẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lórí pákó, tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fara ti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Houston la wà, láàárín àwọn ọdún 1990. Iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte ni mo ti ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù ni mo ń tún ṣe níbẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ẹni tó fi ọjọ́ márùn-ún bá irin jìjàkadì, ó yẹ kó sinmi lọ́jọ́ kẹfà. Èmi kì í sinmi. Irin mìíràn ni mo tún ń lọ bá jà, owó ara mi ni mo sì fi ń jà á.

Oko ìrẹsì kan lẹ́bàá Katy ni mo ti rí jíìpù náà, nígbà tí oko ìrẹsì ṣì pọ̀ ní Katy ju ilé lọ. Ó wà lábẹ́ igi, adìẹ ń yé sórí àga rẹ̀. Òyìnbó àgbẹ̀ tó ni ín sọ fún mi pé ọkọ̀ ogun àgbáyé kejì ni, pé bàbá òun ló fi í sílẹ̀, pé òun ò rántí ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Mo fi tírélà gbé e wálé. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi tún un ṣe. Mo ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, mo jó irin mọ́ ibi tó ti jẹrà, mo kọ lẹ́tà sí àwọn arúgbó tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí mi ò dé rí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ dún, mo pariwo débi pé aládùúgbò wa sáré jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ pípa iná.

Fọ́tò kan péré ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ní pálọ̀ bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, lókè àga tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, fọ́tò kan wà níbẹ̀ láti kékeré mi, ó ti pọ́n bíi omi tíì. Bàbá mi ló wà nínú rẹ̀, géńdé tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ, nínú ṣòkòtò péńpé ológun. Ó fi ẹsẹ̀ kan lé ara jíìpù, ó fi ọwọ́ kan sí ìbàdí, ó ń wò wá bí ẹni pé òun ló ni Bọ́mà tí wọ́n ti yà á. Dẹ́rẹ́bà ológun ni bàbá mi nígbà ogun Bọ́mà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé lọ́jọ́ kan, màá gbé bàbá mi jókòó sínú irú jíìpù yẹn, yóò sì wojú mi, yóò ní, "Ọmọ mi, o ṣe é." Ohun tí mo ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún náà ṣì ń wá ìyìn bàbá rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ fún wa. Ó ní ọkọ̀ ológun kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ ọkọ̀ wà ló lè gbé e lọ, ìbáà ṣe ọ̀tá, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń dùn ún. Ṣùgbọ́n nǹkan kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí iná ti ń pín sí àwọn púlọ́ọ̀gì, tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Rótọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á kàn máa yí lásán ni, kò ní ṣiṣẹ́ títí ayé. Dẹ́rẹ́bà tó gbọ́n, bó bá ti páàkì ọkọ̀ rẹ̀, á yọ rótọ̀, á fi sápò. Bàbá mi á wá gbé ìka sókè, á ní, "Ọkọ̀ tí o kò bá yọ rótọ̀ rẹ̀, o kò tíì gbà pé tìrẹ ni." Àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, nítorí a ò tiẹ̀ ní kẹ̀kẹ́, áńbọ̀sì ọkọ̀.

Kí bàbá mi tó dé Houston, owú ti wà nínú mi, mi ò ní purọ́. Ẹgbẹ́ kan wà tí àwa tó ní mọ́tò ogun àtijọ́ dá sílẹ̀, òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wa, a máa ń kó ọkọ̀ wa jáde kí àwọn ènìyàn wá wò ó. Èmi nìkan ni Yorùbá ibẹ̀, mo sì ń gbádùn ipò mi. Àfi lọ́jọ́ kan tí apòògùn kan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wá wo jíìpù mi. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó ń gbé ilé ńlá ní Sugar Land, ọmọlúàbí ni, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ó yí jíìpù ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, this thing sweet o. Èmi náà máa wá tèmi." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìpẹtà ná.

Oṣù méjì kò pé tó fi ra lọ́rì ogun kan, onítáyà mẹ́wàá, alápákó lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú tapólì rẹ̀ tó nà tán. Orí tẹlifóònù ló ti rà á. Wọ́n tún un ṣe tán kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e wá bá a níwájú ilé bí ẹni gbé fíríìjì. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí wọ́n ń ki gírísì sí! Ibi àkọ́kọ́ tí a jọ kó ọkọ̀ lọ, lọ́rì rẹ̀ ló gba ẹ̀bùn. Jíìpù mi gba "ẹ kú ìgbìyànjú." Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo bá a yọ̀, mo wakọ̀ délé, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá mi rí ìwé ìrìnnà gbà, ó wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ọdún mọ́kànlá ni a ò ti fojú kan ara wa. Lákọ̀ọ́kọ́ ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, nígbà tó yá ó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn náà ó di ọ̀rọ̀ iléèwé ọmọ. Nígbà tó yọ ní pápákọ̀ òfúrufú, ó ti kúrú ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀, àwọn òyìnbó ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mi ò jẹ́ kó sinmi dáadáa kí n tó mú un lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ kejì. Mo ti kun jíìpù, mo ti nù ún, mo ti fi òróró pa ìjókòó rẹ̀. Mo tan iná.

Bàbá mi yí jíìpù náà ká. Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "O kú iṣẹ́. O kú iṣẹ́ gan-an ni. Ọkọ̀ ọ̀gá wa nìyí gẹ́lẹ́."

Mo ní, "Ọ̀gá yín kẹ̀, Bàbá? Ṣebí ọkọ̀ yín ni. Èyí tó wà nínú fọ́tò."

"Fọ́tò wo? Èyí tó wà ní pálọ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ọmọ yìí! Ta ló máa fún èmi ní jíìpù wà? Lọ́rì ni mo wà, lọ́rì onítáyà mẹ́wàá, òun la fi ń kó ìrẹsì àti ọta ìbọn. Ọjọ́ tí onífọ́tò dé, lọ́rì mi wà nínú ẹrẹ̀ dé ìdí. Mo kàn bẹ dẹ́rẹ́bà ọ̀gá pé kó jẹ́ kí n fara ti tirẹ̀ ni."

Ẹ gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé. Ọdún mẹ́rin! Mo fi ọdún mẹ́rin tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe. Ó sì yẹ kí n ti mọ̀, nítorí èwo nínú wa ni kò ní fọ́tò níbi tó ti fara ti ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀? Fọ́tò àkọ́kọ́ tí èmi gan-an fi ránṣẹ́ sílé láti Houston, ara ọkọ̀ pupa aládùúgbò mi ní apartment ni mo fẹ̀yìn tì, ọwọ́ níbàdí, awò dúdú lójú. Nígbà yẹn, bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bàbá mi gbé fọ́tò náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, gbogbo Ìsẹ́yìn sì gbà pé mo ti ra mọ́tò. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Mi ò bá tiẹ̀ ti gba kámú, ṣùgbọ́n Jímọ̀ dé. Bí a ṣe jáde ní mọ́ṣáláṣí ni apòògùn sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀ sir. Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé ṣọ́jà ni yín. Mo ní lọ́rì ogun kan nílé o, onítáyà mẹ́wàá."

Ojú bàbá mi tàn. Mo rí i bó ṣe tàn. Ojú tí mo fi ọdún mẹ́rin wá, ẹnu géètì mọ́ṣáláṣí ni apòògùn ti fi gbólóhùn kan rí i.

Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo Sátidé ni apòògùn ń wakọ̀ wá láti Sugar Land láti wá gbé bàbá mi. Bàbá á ti wọṣọ, á ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lórí, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ sọ́jà ọdún. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé, epo ọkọ̀ ní èékánná, orin àwọn ṣọ́jà lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá ń jẹun, ọ̀rọ̀ lọ́rì ni. Ó ti bá apòògùn tún búréèkì ṣe. Ó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ jíà lórí òkè. Ó ní, "Ọmọ mi yẹn, orí rẹ̀ pé." Ọmọ mi. Mo gbé òkèlè sílẹ̀. Jíìpù wà nínú gáréèjì, ó ń dán, ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ pe nǹkan náà lórúkọ. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń jowú? Ẹ ti di ìyálé o. Ìyàwó tuntun ti dé, ó wà ní Sugar Land."

Mo ní, "Owú kí ni? Èmi?"

Ó ní, "Bàbá ti apòògùn ti kú tipẹ́, ẹ jẹ́ kó bá wa pín tiwa díẹ̀."

Mo ní, "Kó lọ ra bàbá. Ó kúkú rí owó ra lọ́rì."

Ó wò mí, ó mi orí, ó gbé àwo lọ. Òótọ́ ló sọ. Owú ń jẹ mí, ó ń jẹ mí bí iná ṣe ń jẹ pápá gbígbẹ. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní La Porte, mo ń jowú. Bí mo bá ń kírun, mo ń jowú, Ọlọ́run dárí jì mí. Mo máa ń ronú pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, bàbá mi ló sì kọ́ mi ní òwe yẹn. Ta ló wá ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ta báyìí?

Oṣù kọkànlá, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ni ẹgbẹ́ wa máa ń ṣe àfihàn tó tóbi jù. Pápá ńlá kan ni a ti ń ṣe é, àwọn ọkọ̀ á tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á yí pápá náà ká níwájú èrò. Ọdún yẹn, alága ẹgbẹ́ gbọ́ pé bàbá mi ja ogun náà ní tòótọ́. Ó ní bàbá ni yóò ṣáájú gbogbo wa, kó yan ọkọ̀ tó bá wù ú. Inú mi dùn. Mo tún kun jíìpù lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ra ìrọ̀rí tuntun fún ìjókòó rẹ̀, nítorí ìbàdí máa ń dùn ún. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n lọ́rì ni màá wà. Alága ti gbà. Apòògùn máa jókòó tì mí, ìwọ náà máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn."

Ìwọ náà máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn! Mo ní, "Kò burú, Bàbá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ọkọ̀ ti dúró ní ìtò, lọ́rì níwájú, jíìpù mi tẹ̀ lé e. Bàbá mi àti apòògùn lọ sábẹ́ àgọ́ lọ mu tíì pẹ̀lú àwọn òyìnbó ajagunfẹ̀yìntì. Mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi láti ibi tí mo wà. Mi ò lè sọ pé Èṣù ló tì mí, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́rì. Ẹni tó bá rí mi á rò pé mò ń bá wọn yẹ ọ́ìlì wò ni. Mo tú ìdè méjì tó mú ìdérí ibi tí iná ti ń pín, mo yọ rótọ̀, mo dá ìdérí padà, mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bàbá mi ló kọ́ mi.

Nígbà tí àkókò tó, bàbá mi gun orí àga dẹ́rẹ́bà. Wọn ò ràn án lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gùn ún. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ sítáàtà. Ẹ́ńjìnnì yí, yí, yí, kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Òógùn bo apòògùn, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. I don't know what I have done to it." Mo wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ kan kabúrétọ̀, mo fọwọ́ kan páìpù epo, mo mi orí bí dókítà. Alága ní a ò lè dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí bàbá kúkú wọ jíìpù. Mo gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ orin. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Jíìpù ti wà nílẹ̀."

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Kò lọ síbi jíìpù. Ó wá sí iwájú lọ́rì, ó rọra fi ọwọ́ gbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú ìdè méjèèjì, ó ṣí ìdérí. Ó wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ mi. Aṣọ funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ara mi ló mọ́ tónítóní nígbà tí a jáde nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àtàǹpàkò mi dúdú, àpò ṣòkòtò mi ọ̀tún náà sì ní àbàwọ́n epo. Ó wo àpò náà. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ó kọjú sí àwọn ènìyàn, ó fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. Ó ní, "Háà, èmi arúgbó! Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́ o. Èmi ni mo yọ rótọ̀ rẹ̀." Ó wá wò mí. "Bá mi sọ fún wọn."

Mo ní, "Kí n sọ pé kí ni, Bàbá?"

"Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ni. Pé àṣà àwa ológun ni, ọwọ́ mi ló ṣe é kí n tó mọ̀. Sọ fún wọn pé arúgbó ti gbàgbé."

Mo sọ fún wọn. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ní èdè òyìnbó, ní ohùn rara, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, pé bàbá mi ló yọ ọ́, pé bàbá mi ló gbàgbé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òyìnbó arúgbó kan tó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ ní àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ogun, ó na ọwọ́, ó bọ bàbá mi lọ́wọ́. Apòògùn ń mí hẹlẹ, ó ní, "Bàbá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!" Bàbá mi kọjú sí mi, ó ní, "Ó wà nínú àpò ẹ̀wù mi, nínú ọkọ̀ tí ìyàwó rẹ fi gbé mi wá. Lọ bá mi mú un wá."

Mo rìn la pápá kọjá lọ síbi ọkọ̀ ìyàwó mi. Ẹ̀wù rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí àga ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń wò mí, nítorí náà mo ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù náà, mo fi rótọ̀ síbẹ̀, mo tún yọ ọ́ jáde, kí ọ̀rọ̀ bàbá mi lè jẹ́ òótọ́ díẹ̀. Ìtìjú mú mi. Mo gbé e padà, mo fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ó gbà á, ó fi í sí i, ó gun lọ́rì. Ìtẹ̀ kan péré, ẹ́ńjìnnì dún.

Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bó ṣe sọ. Èéfín lọ́rì ni mo fi panu. Mo rí ọwọ́ bàbá mi tó ń jù sí àwọn èrò láti ojú fèrèsé, mo rí àwọn arúgbó tó ń dìde kí i bí ṣọ́jà ṣe ń kí ara wọn, mo sì ń sunkún nínú jíìpù tí mo tún ṣe. N óò sọ òótọ́, ìtìjú nìkan kọ́ ni ẹkún náà. Owú ṣì wà níbẹ̀.

Mo dúró de ìbáwí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò dé. Kò dé lọ́jọ́ kejì, kò dé lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn." Ó ní, "Sátidé wo?" Ó ní kí n bu omi fún òun. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń padà sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní òun fẹ́ lọ dágbére fún ọkọ̀ ọ̀gá. Ó wọ gáréèjì, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó jáde, ó fi aṣọ nu ọwọ́. Apòògùn náà wá sin ín dé pápákọ̀ òfúrufú. Bàbá mi dì mọ́ àwa méjèèjì. Mo wò ó bóyá ó pẹ́ lọ́rùn apòògùn ju tèmi lọ. Bí mo ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, ilé ti dá páropáro, mo lọ jókòó sínú jíìpù. Mo tẹ sítáàtà. Ẹ́ńjìnnì yí, yí, yí. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo lọ ṣí ìdérí náà. Kò sí rótọ̀ níbẹ̀.

Mo ní ẹ̀san ti ké, bàbá mi ti fi ohun tí mo ṣe san án fún mi. Ọjọ́ kẹta ni mo tó bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ilé aládùúgbò rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Mo ní, "Bàbá, ẹ mú nǹkan kan kúrò lára jíìpù mi."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà lápò mi."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó tọ́ sí mi."

Ó ní, "Kí ló tọ́ sí ọ?" Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Ṣé o rò pé mò ń bá ọ jà ni? Lọ́rì ọmọ yẹn, mo wà á, mo gbádùn rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀ fún un. Ṣé o rí i kí n yọ rótọ̀ rẹ̀? Ìwọ lo yọ ọ́. Kí ni mo máa ń sọ fún yín nípa ọkọ̀ tí ènìyàn bá yọ rótọ̀ rẹ̀?"

Mo rántí ìka tó máa ń gbé sókè.

Ó ní, "Wá gbà á nílé. Ọdún mọ́kànlá ti pọ̀ jù." Lẹ́yìn náà ni fóònù já.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ kan náà ni bàbá mi fi ṣe méjèèjì. Mo lè ra rótọ̀ mìíràn nípasẹ̀ lẹ́tà, kò wọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì ló máa gbà kó dé. Mi ò rà á. Odidi oṣù mẹ́tàlá ni jíìpù fi dúró bí òkúta nínú gáréèjì. Àwọn ará ẹgbẹ́ ń bèèrè, apòògùn fẹ́ bá mi wá mẹkáníìkì, mo ní kó má ṣèyọnu. Nígbà tí iṣẹ́ fún mi láyè, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sílé. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀ lábẹ́ fọ́tò. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ kó tó ki ọwọ́ bọ àpò bùbá rẹ̀. Ó ti fi àńkáṣíìfù wé e, ó sì ti fi òróró pa á kó má bàa dípẹtà. Ó ní, "Gbà. Lọ máa wa ọkọ̀ wa."

Bàbá mi ti di ẹni àná báyìí. Jíìpù ṣì wà, èmi ni mo ti ń di arúgbó. Mo máa ń lọ kí apòògùn ní Sugar Land nígbà ọdún Iléyá. Mi ò tíì jẹ́wọ́ fún un, ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́ lọ́dọọdún, n kì í sì sọ ọ́. Fọ́tò ńlá kan wà ní pálọ̀ rẹ̀: bàbá mi lórí àga lọ́rì, apòògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò ní fọ́tò bàbá mi kankan nínú jíìpù, kò sí ẹni tó rántí yà á. Bí mo bá ti jókòó síwájú fọ́tò yẹn, owú àtijọ́ náà á tún gbérí, á máa gún mi láyà díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni mo máa ń ki ọwọ́ bọ àpò. Mo ti páàkì jíìpù sílé kí n tó máa bọ̀, mo sì ti yọ rótọ̀ rẹ̀.